Kì í Ṣe Jíjìn Ló Ń Dá Èrò Maiduguri Dúró

Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Benin, Tógò àti Gánà, ló wà láàárín wa àti Ivory Coast. Síbẹ̀, bí a bá wọn ojú òfurufú ní gbọnrangandan láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti Abidjan, bí 815 kìlómítà ni. Láti Ìkẹjà kan náà dé Maiduguri, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno nínú Nàìjíríà wa níbí, ó tó 1,220 kìlómítà. Ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Borno kò purọ́ tó bá ní ọ̀nà náà jìn.

Ṣùgbọ́n jíjìn kọ́ ni ìṣòro. Bàálù tó ń sáré 800 kìlómítà ní wákàtí kan lè gbéra l'Ékòó kó sì balẹ̀ sí Maiduguri láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Abuja pàápàá, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọ bàálù kejì, fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà gan-an: bí 510 kìlómítà láti Èkó, bí 710 tó kù dé Maiduguri. Yíyà síbẹ̀ kò sọ ìrìn di gígùn. Ìdúró ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ èrò lọ́wọ́. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì á ti lọ, ẹni tó jáde nílé ní ìdájí á sì di ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn l'Ábújá.

Àwọn kan á ní kí wọ́n gba títì lọ. Ẹ rántí Auno. Lọ́jọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2020, àwọn arìnrìn-àjò tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ẹnubodè Maiduguri sùn sí abúlé náà, tó fi bí 25 kìlómítà péré jìnnà sí ìlú. Àwọn agbébọn yọ sí wọn lóru, wọ́n dáná sun ọkọ̀, ó kéré tán èèyàn 30 ló kú. Wọ́n ti rin ọ̀nà jíjìn tán, àkókò ni kò bá wọn mu.

Ojú òfurufú pàápàá ti dí mọ́ wọn rí: nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ibùdó ọmọ ogun òfurufú Maiduguri lọ́jọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2013, àwọn aláṣẹ ti pápákọ̀ ìlú náà pa fún èrò títí di ọdún 2015. Fún dókítà, olùkọ́ yunifásítì, oníṣòwò àti agùnbánirọ̀ tó wà níbẹ̀, bàálù kì í ṣe fàájì.

Mo mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, eruku Sàhárà a máa bo ojú ọ̀run. Awakọ̀ tí kò ríran kò gbọdọ̀ balẹ̀, ẹ̀mí èèyàn sì ju ìyára lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé èrò á jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, kò ní sí ẹni tí yóò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un.

Òfin wà. Àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, là á sílẹ̀ pé bí ìdúró bá pẹ́, ẹ̀tọ́ èrò ni kí wọ́n fún un ní ìpanu. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Bó bá sì wọ òru, kí wọ́n wá ilé ìtura fún un. Kí àjọ náà mú òfin yìí ṣẹ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù to àkókò wọn kí ti Èkó lè bá ti Maiduguri mu l'Ábújá, kí wọ́n sì kọ gbogbo wákàtí ìrìn-àjò, àti ìdúró rẹ̀, sára tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin èrò náà, ẹ má ju rìsíìtì nù, ẹ kọ ẹ̀sùn yín ránṣẹ́ sí àjọ náà. Ẹni tó sanwó ìrìn wákàtí méjì ní ẹ̀tọ́ láti débi tó ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.