Ẹ̀yáwó Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn

Àwọn baba wa mọ ohun tí gbèsè jẹ́ kí òyìnbó tó dé. Wọ́n rí bí ọmọ ti ń ṣe ìwọ̀fà nítorí owó tí baba rẹ̀ yá, tí gbogbo iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó sì jẹ́ èlé lásán, tí owó tí a yá kò dín kọ́bọ̀. Nítorí náà ni àgbà fi máa ń béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó na ọwọ́ gba owó olówó: èló ni? Ta ni yóò san án? Ìgbà wo ni yóò tán? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a fẹ́ kí òbí gbogbo ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo béèrè lórí ẹ̀yáwó tí Ìjọba Àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Kí a sọ òótọ́, ètò náà dára. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 há mọ́ tálákà lọ́rùn: ó béèrè oníduúró, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí owó ilé wọn bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Wọ́n pa á rẹ́, òfin tuntun sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, èyí tí ó gbé NELFUND kalẹ̀. Kò sí oníduúró mọ́, kò sì sí èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè sì ń gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ òòjọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀: agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó-oṣù rẹ̀. Bí ẹni tí ó yá a bá kú, gbèsè náà kú.

Ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni yunifásítì ń ná ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wá tẹ̀dó sí Mowe àti Ibafo nítorí pé ilé Èkó wọ́n. Bí ọmọ wọn bá wọ Yunifásítì Èkó ní Akọka tí ó sì ń ti ilé lọ, kí á tilẹ̀ sọ pé ₦2,000 péré ni yóò fi wọ ọkọ̀ lọ àti bọ̀. Ogún ọjọ́ jẹ́ ₦40,000. Ìlọ́po méjì owó tí ìjọba ń yá a ni èyí, kò sì tíì jẹun. Ọmọ Ifo tí ó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè yóò gba ilé, yóò ra ìwé, yóò ra dátà. Ẹ ka àkókò náà mọ́ ọn: ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì, oúnjẹ àti owó ilé kò sì yanṣẹ́ lódì pẹ̀lú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò gbèsè náà. Kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦120,000 lọ́dún, tí ọmọ sì ń gba ₦20,000 fún oṣù mẹ́wàá lọ́dọọdún. Ní ọdún mẹ́rin, ₦1,280,000 ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá rí iṣẹ́ ₦77,000, èyí tí í ṣe owó-oṣù tí ó kéré jù lọ tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní ọdún 2024, ₦7,700 ni wọn yóò máa yọ lóṣù. Yóò tó nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá kí ó tó bọ́. Bí owó-oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦150,000, ọdún méje ni. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ì bá má rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ láìsí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ru ẹrù yẹ kí ó mọ bí ó ti wúwo tó kí a tó gbé e rù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣìnà. Mountain Top University wà ní Ibafo, Christopher University sì wà ní Mowe, ṣùgbọ́n aládàáni ni àwọn méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ẹ̀yáwó yìí wà fún. Bí ẹ bá sì ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ti NELFUND tó dé, ẹ béèrè owó yín padà, nítorí ọmọ yín ni yóò san èyí tí NELFUND san.

Ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn kan ń yin ètò yìí nítorí pé ẹgbẹ́ wọn ni ó gbé e wá. Àwọn kan ń bú u nítorí pé kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ẹ rántí ọdún 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Owó-orí àwọn àgbà ni a fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n san án. Nígbà náà, àgbà ni ó ru ẹrù ọmọ. Lónìí, ọmọ ni a fẹ́ kí ó ru ẹrù ara rẹ̀. Ó kéré tán, kí àgbà má tún fi kún un. Kò pé oṣù méjì tí a buwọ́ lu òfin àkọ́kọ́ tí owó ní Yunifásítì Èkó fi fò láti ₦19,000 sí ohun tí ó ju ₦100,000 lọ, kí ariwo tó jẹ́ kí wọ́n dín díẹ̀ kù. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ń sáré tẹ̀lé ẹ̀yáwó báyìí, orí ọmọ ni gbogbo rẹ̀ yóò já lé.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìjọba fi ààlà sí owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì tún ₦20,000 náà gbé yẹ̀ wò. Kí a sì kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí owó-oṣù rẹ̀ kò bá tó iye kan kò ní tíì san. Èlé wà lórí ẹ̀yáwó ti Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, èyí ni kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ óò yá a, ẹ san án. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti ọdún 1972 dá ẹnu kọlẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ tí ó jẹ ẹ́ kò san án. Àwọn àbúrò tí ó dé lẹ́yìn kò sì rí i yá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ó kù sí. Kí ọmọ kíláàsì àṣekágbá tó jáde, ẹ gbé ìṣirò yìí sójú pátákó fún un. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ti àwọn baba wa, kí ó lọ yá owó náà, kí ó kàwé, kí ó sì máa lọ ní àlàáfíà.