Ẹni Tí Ń Fẹsẹ̀ Rìn Náà Ní Ìbò

Ẹ jẹ́ kí a bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nínú ilé mẹ́wàá tó wà ládùúgbò yín, mélòó ni mọ́tò wà? Síbẹ̀, bí ìjọba bá ti ní òun ń tún ìlú ṣe, ọ̀nà mọ́tò náà ni. Wọ́n á wó ìsọ̀ àwọn ìyá wa, wọ́n á da ọ̀dà sílẹ̀, wọ́n á lùlù ṣí i. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà kò sí níbẹ̀. Ọmọ iléèwé ń bá tírélà du títì, ìyá arúgbó tó ru igbá ń tọ etí gọ́tà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn náà ni ìdàgbàsókè?

Àwọn baba wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú ààfin ni wọ́n ń ná ọjà sí, agbo-ilé yí i ká, ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀ kò ní í wọkọ̀. Lóde òní ńkọ́? Wọ́n á gbé ilé ìwòsàn lọ sínú igbó lẹ́yìn ìlú, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá á wá máa wá ọ̀kadà. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500, ẹ̀yin náà kúkú mọ iye tí ọlọ́kadà ń gbà.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìyí. Ohun tí Èkó fi ojú rí ni ìlú tiyín yóò rí bó bá gbòòrò. Ní 1983, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè inú ìlú tí wọ́n pè ní Metroline. Ní 1985, ìjọba ológun pa á. Afárá ni wọ́n ń kọ́ ṣáá: wọ́n parí Third Mainland ní 1990, ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń bẹ lórí rẹ̀ dòní. Ọdún 2008 ni wọ́n tó ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13 péré. Ogójì ọdún gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1983 ti lè ní ọmọ ní yunifásítì.

Àwa kì í ṣe ọ̀tá mọ́tò o. Ta ni yóò fi orí ru iṣu láti oko dé ọjà? Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan ń kó èrò tí ì bá kún ogún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, àyè tó sì ń gbà kò ju ti méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè kò pọ̀: kí títì tuntun kankan má ṣe wà láìní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n bo gọ́tà, kí bọ́ọ̀sì ìjọba máa ná ìlú sí ìlú, kí iléèwé àti ilé ìwòsàn wà níbi tí ẹsẹ̀ lè dé.

Wọn yóò wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín láìpẹ́, wọn yóò sì ṣèlérí títì ńlá tí ọkọ̀ ń lọ lọ́tọ̀ tí ń bọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí ọ̀gbẹ́ni náà sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, kó bá yín rìn láti gárèjì dé ọjà lọ́sàn-án gangan, kó sì fa ọmọ kékeré kan lọ́wọ́.