Ẹ Jẹ́ Ká Sanwó Àyẹ̀wò Ká Tó Ra Páàtì

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan ẹni tó ní mọ́tò, ó sì kan ẹni tí kò ní. Owó tí ẹnì kan bá yá láti fi tún mọ́tò ṣe, inú àpótí kan náà tí gbogbo wa ń dáwó sí ló ti ń jáde.

Ẹ rántí ìyá oníléèsì wa tó ra Mercedes-Benz wágọ́nì, ọmọ ìyá V-boot tí gbogbo wa mọ̀. Láàárín 1985 sí 1996 ni wọ́n ṣe irú wágọ́nì yìí ní Jámánì. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Mọ́tò gidi ni, ó ń kó ẹrù, ó sì níyì lóde. Lọ́dún 2023, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le bí ọmọlanke. Bó bá bọ́ sí kòtò kékeré, gbogbo ẹrù á fò sókè. Mẹkáníìkì ò tiẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ tó fi ní ṣọ́ọ̀kì ló ti kú. Ẹgbẹ́ yá ìyá lówó, wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì méjì, mọ́tò ò yí padà. Wọ́n tún ní sípíríǹgì ni, a tún yá wọn lówó. Àwa tí a wà ní ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó la fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejèèjì, a ò sì béèrè pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi náà kàn wá, a ò ní sẹ́.

Nígbà tí mọ́tò dé ọ̀dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan, kò ju wákàtí kan lọ tó fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀yìn wágọ́nì yìí ní òróró tirẹ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń tì lọ sẹ́yìn kí ìdí mọ́tò lè gbéra padà bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù irin méjì tí gáàsì wà nínú wọn ń bá òróró náà ṣiṣẹ́, àwọn ló ń mú kí ẹ̀yìn rọ̀. Gáàsì inú wọn ló ti tán. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n yọ dànù ò ṣe nǹkan kan.

Ti háńbúréèkì ló burú jù. Ẹsẹ̀ òsì la fi ń tẹ̀ ẹ́ nínú mọ́tò yìí, àmọ́ háńbúréèkì la ṣì ń pè é. Kò mú mọ́, wọ́n pààrọ̀ wáyà rẹ̀, kò mú síbẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, awakọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi gíà sí N, ó tẹ háńbúréèkì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí bùútù. Mọ́tò rọra yí lọ, ó wó àtẹ aláta kan mọ́lẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé aláta ti dìde lọ pọn omi. Bó bá jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Búréèkì ṣúù tó wà nínú dísìkì ẹ̀yìn ló ti jẹ tán, ẹnikẹ́ni ò sì ṣí i wò rí.

Kí ló ń fa irú èyí? Àwọn kan á ní olè ni mẹkáníìkì. A ò gbà. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá fi wákàtí kan yẹ mọ́tò wò, tó ní ká mú owó wá, a ó ní, "Kí lo ṣe? Ṣé wíwò tí o wò ó náà la fẹ́ sanwó fún?" Ṣùgbọ́n bó bá yọ páàtì, tó fi òmíràn sí i, a ó sanwó láìjanpata. Òun náà ti mọ̀ pé yíyọ lówó, wíwò ò lówó. Ẹni tó fẹ́ jẹun á yọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa kì í rúbọ láì kọ́kọ́ dífá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àyẹ̀wò tí à ń wí yìí kì í ṣe awo. Kí mọ́tò dúró sí ibi tó tẹ́jú, ká fi téèpù wọn gíga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí apá kan bá rẹlẹ̀, ká wo sípíríǹgì ibẹ̀. Ká ti igun mọ́tò mọ́lẹ̀, ká fi í sílẹ̀: bó bá ń jó sókè sódò tí kò dúró, ṣọ́ọ̀kì ti rẹ̀ ẹ́. Ti wágọ́nì wa yàtọ̀ lẹ́yìn: ká wo òróró rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bí ìdí rẹ̀ bá ń gbéra tí ẹ́ńjìnnì wà lójú iṣẹ́, àmọ́ tó le bí òkúta, bọ́ọ̀lù gáàsì ni ká fura sí.

Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń dún, kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí wọ́n fi sítáńdì tì í, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n mì ín. Bó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ búréèkì: bí mímì náà bá dúró, bíárìn ni, bí kò bá dúró, ká wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì.

Ní ti háńbúréèkì, ẹ má ṣe sọ pé búréèkì ẹsẹ̀ ń mú dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni òróró tó ń ti páàdì búréèkì ẹsẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wáyà tó ń fa ṣúù háńbúréèkì. Kí wọ́n dí táyà iwájú, kí wọ́n gbé ẹ̀yìn sókè, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa yí táyà lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá mú tí èkejì ò mú, ẹ ti mọ ibi tí àrùn wà. Bí méjèèjì ò bá mú, kí wọ́n kọ́kọ́ fún un: wọ́n á yọ bóòtì táyà kan, wọ́n á ti ojú ihò rẹ̀ fi sikurudíráfà yí irin eléyín tó wà nínú. Bí kò bá mú síbẹ̀, kí wọ́n tú dísìkì, kí wọ́n wo ṣúù. Ìgbà yẹn ni ká tó máa sọ̀rọ̀ owó páàtì.

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò á fi iṣẹ́ falẹ̀, àti pé mọ́tò tó dúró kì í pawó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá oníléèsì bí ọjọ́ tó fi fẹsẹ̀ rìn ti pọ̀ tó, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Àbá wa rèé fún ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó tún mọ́tò ṣe, kó mú ìwé mẹkáníìkì wá, tó sọ ohun tó yẹ̀ wò àti ohun tó rí. Kí ẹgbẹ́ fi owó àyẹ̀wò náà kún ẹ̀yáwó. Kí páàtì tí wọ́n bá yọ padà sọ́wọ́ onímọ́tò. Kí wọ́n sì dán háńbúréèkì wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí awakọ̀ wà nídìí rẹ̀, ká tó san owó tó kù.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ ká máa sanwó ojú, kí ọwọ́ má baà ná wa ní ìnákúnàá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi owó ẹgbẹ́ ra ẹkún.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.