Ilé Kan fún Ẹni tí Òkun Lé Jáde

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Ararọ̀mí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ju àwọ̀n, ẹ̀yin ará wa ní Èkó tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ ilé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo fẹ́ kí a kọ́ ilé kan sí ìlú yìí, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn, kí oúnjẹ gbígbóná wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì jẹ́ pé àwa fúnra wa la ó máa dáná níbẹ̀, tí a ó máa gbá a, láìgba kọ́bọ̀. Ìjọ Kátólíìkì ni mo fẹ́ kó ṣíwájú. Gbogbo ìlú ni mo fẹ́ kó tì í lẹ́yìn.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ sọ. Wọn á ní, láti ìgbà wo ni ọmọ Ìlàjẹ ti ń wá ilé àánú? Bí iná bá jó ilé ẹnì kan, ṣebí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lọ. Ọmọ tí kò ní ìyá, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. Òótọ́ ni, ohun tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń mú kí ètò yẹn ṣiṣẹ́: ilé ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Iná a máa jó ilé kan, a sì dá òmíràn sí. Òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àdúgbò ló ń gbé. Ilé bàbá ń lọ, ti àbúrò bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lọ, ti àna náà ń lọ. Ẹni tó yẹ kó sọ fún ọ pé wọlé, òun náà ru ẹrù sórí, ó ń wá ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí. Ibẹ̀ ni àṣà ìgbàlejò wa ti já. Kì í ṣe pé ọkàn wa ti le. Ẹbí kò lè fúnni ní yàrá tí omi ti gbé lọ.

Ẹ wo Ayétòrò, ìlú kan ní etíkun Ìlàjẹ wa yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ké pé òkun ń jẹ àwọn. Lọ́dún 2004 ni NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi ibẹ̀ jáde, wọ́n tún gbé e jáde lọ́dún 2009, síbẹ̀ omi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé ìjọsìn, ilé ìwé, ibi iṣẹ́, ilé gbígbé lọ́pọ̀ yanturu, títí kan ibojì, ló ti wọ inú òkun. N kò kọ ìwé yìí láti bá ìjọba jà lórí ògiri òkun. Àwọn mìíràn ń ja ìjà yẹn, kí Ọlọ́run tì wọ́n lẹ́yìn. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, kí ògiri tó dé, níbo ni ẹni tí omi lé jáde lálẹ́ òní yóò sùn?

Kíláàsì ni. Ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn á ti bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á tẹ́ ẹní. Ẹrù tó tutù á wà nídìí pátákó ìkọ̀wé: àpótí aṣọ, ìkòkò, agbọ̀n edé tí kò tíì gbẹ, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì dì. Ọmọdé á sùn lórí àwọ̀n, torí ó rọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ. Kí aago méje òwúrọ̀ tó lù, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀. Ìyá á kó ẹrù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Kò lè lọ ra ẹja, kò lè lọ yan ẹja, torí bó bá kúrò nídìí ẹrù, ó lè má bá a mọ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, owó tó fẹ́ fi tún òwò bẹ̀rẹ̀ ti tán sórí oúnjẹ. Omi nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di aláìní. Àìrí ibi gbé ẹrù sí, kó lè bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ló parí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ẹni tí omi lé nìkan. Bàbá apẹja wà tó ti darúgbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká sí Màkòkó àti Kamẹrúùnù, tí kò gbúròó wọn mọ́. Opó wà tí wọ́n ní kó kó jáde. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bu oúnjẹ fún wọn rí, ṣùgbọ́n ìrẹsì ọjọ́ Kérésìmesì kò gbé ènìyàn dé oṣù kejì ọdún.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe tuntun nínú Ìjọ. Ní May 1, 1933, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n gógó ní Amẹ́ríkà, obìnrin oníròyìn kan, Dorothy Day, pẹ̀lú Peter Maurin, ọmọ àgbẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé ìròyìn Catholic Worker jáde ní New York, wọ́n ń tà á ní sẹ́ǹtì kan péré. Maurin kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó yẹ kí ìjọ ní ilé fún àlejò bíi ti ayé àtijọ́. Àwọn tí kò nílé kà á, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n béèrè pé níbo ni ilé náà wà. Kò sí ilé kankan! Ni wọ́n bá háyà yàrá. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n, lónìí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gba owó oṣù, inú ilé kan náà ni wọ́n ń bá àlejò gbé. Dorothy Day kọ̀ láti gba owó ìjọba. Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ló kú sí lọ́dún 1980.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Grégoire Ahongbonon, tí wọ́n bí lọ́dún 1952 ní abúlé kan nítòsí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe àlùfáà. Fọkanáísà ni. Ó lọ sí Côte d'Ivoire lọ́dún 1971, ó ń lẹ táyà ní Bouaké, ó rí ṣe, ó ra takisí, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àlùfáà kan mú un lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1982. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìwàásù pé kí Kristẹni kọ̀ọ̀kan gbé òkúta tirẹ̀ wá síbi ìkọ́lé Ìjọ. Nígbà tó padà dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n ń lọ bẹ àwọn aláìsàn tí kò lẹ́nì kan wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń wá owó oògùn wọn. Ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ ṣí sí àwọn tí àìsàn ọpọlọ lé síta, tí wọ́n ń ṣa oúnjẹ lórí ààtàn. Lóru, tọkọtaya yìí á gbé oúnjẹ àti omi tútù, wọ́n á máa wá wọn kiri ìgboro, wọ́n á bá wọn jókòó, wọ́n á bá wọn sọ̀rọ̀. Inú ọgbà ilé ìwòsàn Bouaké ni wọ́n ti rí àyè ṣe ilé àkọ́kọ́. Nígbà tó bá gbọ́ pé wọ́n de ẹnì kan mọ́ igi ní abúlé, á lọ tú u. Lónìí irú àwọn ilé tó dá sílẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Saint Camille, wà ní Côte d'Ivoire, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ló jẹ́ ẹni tí wọ́n ti tọ́jú rí. Ìwé ìròyìn Daily Trust fi orúkọ rẹ̀ ṣe Akọni Áfíríkà fún ọdún 2015. Ọmọ ẹ̀bá Kétu, tó ń lẹ táyà! Kí ló wá dí àwa tí a ní ọkọ̀ àti àwọ̀n lọ́wọ́?

Àtakò tó wúwo jù tí mò ń gbọ́ ni ti ẹ̀sìn. Àwa Kátólíìkì kò pọ̀ ní etíkun yìí. Ilẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ni. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ìjọ mìíràn yóò fi gbé ẹja rẹ̀ lọ sí ilé Kátólíìkì? Ìdáhùn mi ni pé a kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìjọ tó ń lọ kó tó jẹun. A kò ní fi àdúrà ṣe owó ibùsùn. Kí ìgbìmọ̀ ilé náà ní Kérúbù, kó ní Mùsùlùmí, kó ní àgbà àdúgbò. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ilé náà wà lórúkọ Ìjọ ni pé ilé tí ènìyàn kan dá sílẹ̀ sábà máa ń bá a kú, ṣùgbọ́n bí àlùfáà kan bá lọ, òmíràn á dé, bíṣọ́ọ̀bù ẹkùn Oǹdó sì wà tí yóò béèrè ìṣirò owó.

Bí a bá sì ń wá olùkọ́, Ayétòrò ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ. Ní January 12, 1947, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n jáde láti inú Kérúbù àti Séráfù, tẹ ìlú yẹn dó sórí ẹrẹ̀. Wọ́n pa owó pọ̀, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n kan ọkọ̀, ebi kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀ láàárín wọn. Ọwọ́ ọmọ Ìlàjẹ ló ṣe é. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú fẹ́ ohun ìní tara wọn, ètò àjọni yẹn sì yí padà. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀. Òru kan lóṣù ni mò ń béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní ilé náà yóò kọ́ ènìyàn ní ọ̀lẹ. Ẹ lọ wo ìyá tó jókòó ti ẹrù lọ́dẹ̀dẹ̀ kíláàsì, kí ẹ sọ fún mi bóyá ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá lágbára á bá wa ṣiṣẹ́: á tún àwọ̀n ṣe, á yan ẹja, á bá wọn ṣe púpurù. Arúgbó kò ní ṣe nǹkan kan, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé lè wá síbẹ̀. Ẹ̀rù yẹn yé mi. N kò ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ àwọn ará abúlé ẹ̀bá Arò ní Abẹ́òkúta pé kí wọ́n gba aláìsàn ọpọlọ sílé, kí ẹbí aláìsàn bá a gbé ibẹ̀, kó sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Àgbẹ̀ lásán ni àwọn tó gbà wọ́n, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì wá fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò pọndandan kí a gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n kí a bu oúnjẹ fún un, kí a wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn.

Bí mo ṣe rí ilé náà nìyí. Kí ó jìnnà sí iyanrìn, lórí ilẹ̀ tó ga lẹ́yìn ìlú. Pákó àti páànù ni ká fi kọ́ ọ, kí a lè tú u gbé bí òkun bá tún lé wa. Yàrá kan fún obìnrin àti ọmọdé, ọ̀kan fún ọkùnrin, ilé ìdáná tó ní ààrò ẹja yíyan, táńkì tí yóò gba omi òjò. Kí ọgbọ̀n ilé forúkọ sílẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan gba òru kan lóṣù: wọn á dáná alẹ́, ẹni méjì á sùn mọ́jú níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó bá ti òkun dé fi ẹja díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó lọ sọ́jà. Kí a ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sétí gbogbo ìlú ní ìparí oṣù. Bí OSOPADEC, àjọ ìdàgbàsókè àwọn agbègbè elépo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bá fẹ́ fún wa ní páànù, ẹ jẹ́ ká gbà á tọpẹ́tọpẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ nítorí àwòrán. Iye tí ẹ lè san lóṣooṣù láìdáwọ́ dúró, bó ti wù kó kéré, òun ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ìdílé tó ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ẹ jẹ́ ká jókòó kí ìgbà òjò tó dé. Ẹ̀yin káfíńtà tó ń kan ọkọ̀, ọjọ́ díẹ̀ la fẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí pákó kò bá tíì tó fún gbogbo rẹ̀, yàrá ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn, kí ẹ fi àgádágodo tó dára sí i, kí ìyá kan lè ti ẹrù rẹ̀ mọ́bẹ̀ kó sì lọ sọ́jà.