Òkun Káspíà Tún Ti Ń Fà

Òkun Káspíà kò ní ẹnu sí òkun ńlá kankan. Rọ́ṣíà, Ìránì àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn ló yí i ká. Odò Volga nìkan ló ń gbé bí ìdá 80 nínú 100 omi odò tó ń wọ inú rẹ̀ wá. Oòrùn ló sì ń fà á gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é, ojú ọ̀run ni kó wò. Afẹ́fẹ́ orí òkun Àtìláńtíìkì ló ń gbé òjò àti yìnyín lọ sí agbègbè Volga. Bí ó bá yà sí ibòmíràn, odò á fà, òkun náà á sì fà.

Ìjọba Soviet rí tirẹ̀. Omi ń lọ sílẹ̀ títí di 1977. Ni wọ́n bá dí ẹnu Kara-Bogaz-Gol, ọ̀sà tí omi òkun náà ń ṣàn wọ̀, lọ́dún 1980, kí omi má baà ṣòfò síbẹ̀. Àṣé òkun ti ń kún padà fúnra rẹ̀! Ó fi bíi mítà 2.5 ga sí i kó tó di 1995, ó ya wọ ilé àwọn ará etíkun. Ọdún 1992 ni wọ́n wó ìdídò ọ̀hún.

Ó tún ti ń fà báyìí, ooru sì ń dá kún un. Lápá àríwá, níbi tí omi kò ti jìn ju bíi mítà 5 lọ ní ìpíndọ́gba, etíkun ń sún jìnnà. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìlú Aktau ní Kasakstáànì kéde pàjáwìrì nítorí omi tó fà.