Ọ̀gá tó ń ra dísù nítorí ẹja, ó yẹ kó ra ìbọ̀wọ́ fọ́mọ iṣẹ́

Bó ti wù kí oòrùn mú tó níta, inú kóòdù-rúùmù tí wọ́n ń kó Títù, kòtẹ́ àti pánla sí gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n -18 kí ẹja má baà bàjẹ́. Ibẹ̀ làwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn ń wọ̀ lọ gbé páálí pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n, àwàdà làwọn ọ̀gá kan ń fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní àwàdà. Ìwọ̀n 37 ni ooru ara èèyàn. Tó bá wálẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti dé nìyẹn. Ọwọ́ á kú, páálí á já lé ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ tí kò wá gbọ̀n mọ́, ẹ má rò pé ara rẹ̀ ti mọ́ ọn, ọsíbítù ni kí ẹ gbé e lọ. Ògógóró táwọn kan ń mu ńkọ́? Ẹ̀tàn ni, ńṣe ló ń jẹ́ kí ooru tètè fi ara sílẹ̀.

Owó dísù tó ń wọ jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja ju owó ìbọ̀wọ́ lọ fíìfíì. Kóòtù tó nípọn, èyí tí kò wúlò fún ẹlòmíì nínú ooru Èkó, wà lọ́jà òkìrìkà. Kí wọ́n fi fìlà tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà òjò kún un. Kí ẹnikẹ́ni má dá wọlé, kí wọ́n sì máa jáde wá yáná oòrùn. Ilẹ̀kùn ló tiẹ̀ le jù: ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí látinú.

Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fáwọn òṣìṣẹ́ tó bá fara pa kò yọ oníṣòwò kékeré sílẹ̀. Àjọ NSITF ló ń gba owó náà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́.