Ẹ Wo Ọ́ìlì Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń dún kàkàkà bí a bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀ ló ti nọ́ọ̀kì. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ariwo yìí wá yá owó ẹgbẹ́ tú ẹ́ńjìnnì, láìjẹ́ pé ó ti fa géèjì ọ́ìlì wò.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì a ro sísàlẹ̀. Irin á máa lu irin títí ọ́ìlì yóò fi gòkè. Bí ariwo bá dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, bóyá ó ki jù, tàbí fílítà gbàrọgùdù tí kò lè di ọ́ìlì mú ló wà níbẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó dákẹ́, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì lè ti dẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó já. Bí iná pupa ọ́ìlì kò bá kú, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti gbóná kì í dún mọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn sí sọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ láàárọ̀.

Gbèsè ẹgbẹ́ kì í dúró de ọkọ̀ tí wọ́n tú kalẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.